Ìkòkò Tí À Ń Pè Ní Ìdògbé

Ilé ẹ̀yìn wa ní Ìsàn sọ pé ewúrẹ́ ló ṣe é.
Ilé òkè ní rárá, ọgbọ́n àwọn baba ńlá àwọn ni:
wọ́n jókòó, wọ́n rò ó, wọ́n rí i.
Ta ni yóò fẹ́ jẹ́wọ́ pé àṣìṣe ló sọ òun di olówó?
Nílé tiwa, a mọ ọmọ tó ṣe é.
Ìyá mi ni. Àpá rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ òsì.

Lọ́jọ́ náà, Yèyé Fátùndùn kó ìkòkò jáde nínú iná,
mẹ́tàdínlógún, pupa bí ojú ẹni tí kò sùn,
koríko gbígbẹ ṣì ń jó lẹ́sẹ̀ wọn.
Agbada omi èèpo irúgbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn,
omi tó ti ń hó láti àná, tó dúdú kirikiri,
tí yóò fi rẹ́ ilẹ̀ yàrá kí àwọn àna tó dé.
Ilẹ̀ ni omi náà wà fún.
Kò sẹ́ni tó fi ọ̀rọ̀ ìkòkò lọ̀ ọ́.

Ìdògbé ń lé alángbá.
Ọmọ ọdún mẹ́fà, alángbá, agbada:
o kò ní láti jẹ́ aríran.

Ṣàààà!

Èéfín bo àgbàlá. Ajá fò sẹ́yìn.
Yèyé pariwo orúkọ ọmọ náà
títí wọ́n fi gbọ́ ọ lọ́nà Ayédé.
Ìkòkò mẹ́ta ló gba omi náà.
Ọ̀kan là sí méjì. Ọ̀kan ya lẹ́nu.
Ẹ̀kẹta dúdú, ó ń dán
bí ẹni pé wọ́n fi àdín pa á lára.
"O ti ba ulé mi jẹ́!"
Pàṣán mẹ́fà, ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan.
Ẹsẹ̀ tó bó kò rí ẹni tí yóò bẹ̀ ẹ́
títí ilẹ̀ fi ṣú.

Wọ́n gbé ìkòkò dúdú náà jù sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀.
Òjò rọ̀ sí i. Òjò dá. Ọyẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè.
Àwọn ìkòkò inú ilé ń ṣe bí wọ́n ti máa ń ṣe:
bí a bá rọ epo sí wọn, wọ́n á kọ́kọ́ mu tiwọn
kí ọlọ́bẹ̀ tó bù.
Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, Yèyé lọ gbá abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀.
Omi òjò àtijọ́ ṣì wà nínú ìkòkò náà.
Abẹ́ rẹ̀ gbẹ, eruku ni.
Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ìdí rẹ̀. Ó tún nù ún.
Ó jókòó.

Kò pe ẹnikẹ́ni.
Ó se èèpo irúgbá mìíràn lóru,
ó dà á sórí ìkòkò gbígbóná,
ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bí ọwọ́ olè nínú abà.
Ó dán. Kò jò.
Ìgbà yẹn ló wá kan ohun tó nira:
báwo la ti ń gba pàṣán padà lára ọmọ?

Kò mọ bí àgbà ti ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà.
Ó fi orúkọ rẹ̀ sọ ìkòkò.
Oníbàárà á dé láti Ìkọ̀lé, á ní,
"Ìdògbé méjì, ẹ má fún mi ní èyí tó sán o."
Ìyá mi á dáhùn láti inú yàrá, "Ẹ̀ẹ̀n?"
Gbogbo àgbàlá á bú sẹ́rìn-ín.

Ó ti pé ẹni àádọ́rin ọdún báyìí,
kẹ́ẹ̀gì oníke ló kún ibi ìdáná rẹ̀.
Ó ní òun kò rántí pàṣán kankan.
Alángbá lòun rántí: orí rẹ̀ pupa, ìrù rẹ̀ ti gé.

Lánàá, ní Adó, Morádékẹ́ ọmọ mi
da odidi abọ́ ògì sórí símẹ́ńtì
tí bíríkìlà ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ tán.
Mo gbé ọwọ́ sókè. Ó dijú.
Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ìka kan ibi tó dà sí,
mò ń wò ó bóyá yóò dán.

Kò dán. Ògì lásán ni.
A jọ nù ún.